Láti Ìrìn dé Owó: Bí Ọkọ̀ Òfuurufú Ṣe Ń Jẹ Oníbàárà Lóyè

Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì ló kọ̀wé sí mi láàárín oṣù kan lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀kan wà ní Houston, ọ̀kan wà ní London, ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọmọ agbègbè wa ni wọ́n: Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù. Èyí tó wà ní London ló sọ ọ́ bó ṣe dùn mọ́ mi jù: "Prof, wọ́n ti gba oyè lọ́wọ́ mi o." Oyè tó ń wí kì í ṣe ti ìlú. Káàdì tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan fún un nítorí pé ó máa ń wọ bàálù wọn wálé ni, èyí tó ń jẹ́ kó tètè kọjá níbi tí èrò ti ń tò, tó sì ń jẹ́ kó gbé àpótí kan sí i. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ oyè yẹn. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ọmọ náà mọ ohun tó ń sọ.

Níwọ̀n bí ọ̀rọ̀ náà ti kan owó, tó kan àpọ́nlé, tó sì tún kan ìlò èdè tí í ṣe iṣẹ́ tèmi, mo ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ bàálù rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yé wa. Bí ẹ bá lọ ra gàrí lọ́jà Ìkìrun, ìyá tó ń wọn gàrí yóò bu kóńgò kún, yóò fi ọwọ́ gbá a jọ títí yóò fi ga ṣóńṣó, lẹ́yìn náà yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn là ń pè ní èènì. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní fẹ́ràn láti máa pè é ní jàrá, ọ̀rọ̀ tó wọ èdè wa láti inú *gyara* àwọn Hausa. Èwo lẹ bá pè é, kì í ṣe bákan náà ló ń rí fún gbogbo ẹni tó rajà. Àlejò tó ń kọjá lọ sí Ọ̀fà, tó kàn sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, yóò gba ìwọ̀nba. Ẹni tó ń wá lọ́jọ́ ọjà gbogbo, tó wá nígbà tí òjò rọ̀, tó wá nígbà tí ọjà dá, tó mọ orúkọ àkọ́bí ìyá náà, òun ni èènì rẹ̀ máa ń kún ọwọ́. Ìyá yìí kò ní ìwé tó ń kọ wọn sí. Orí rẹ̀ ni ìwé.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí onímọ̀ èdè kò gbọdọ̀ fò dá. Lọ́jà wa, ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ló jọ ń pe ara wọn ní oníbàárà mi, tàbí kọ́sítọ́mà mi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a yá kọ́sítọ́mà lọ́wọ́ wọn kò lò ó bẹ́ẹ̀; lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń rà nìkan ló ń jẹ́ ẹ. Àwa la sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, bíi ti àna: bí mo bá jẹ́ àna rẹ, ìwọ náà àna mi ni. Ọ̀rọ̀ kò ṣàdédé yí padà bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á ni pé lójú wa, ẹni tó ń tà jẹ ẹni tó ń rà ní nǹkan, ẹni tó ń rà náà sì jẹ ẹni tó ń tà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàálù. Ní Amẹ́ríkà, kó tó di 1978, ìjọba ló ń pinnu iye tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lè gbà àti ọ̀nà tí wọ́n lè fò. Òfin ọdún 1978 tú wọn sílẹ̀. Ìdíje wá le, kálukú ń bu iye owó wálẹ̀ láti já èrò gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Ìṣòro wọn ni pé ìjókòó inú bàálù dà bíi tòmátì tó ti rọ̀: bí o kò bá tà á lónìí, kò sí ọ̀la. Lọ́gán tí bàálù bá ti gbéra, ìjókòó tó ṣófo ti ṣègbé. American Airlines ni wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà wọn wá orúkọ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọn léraléra, nígbà tó sì di 1 May 1981, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní AAdvantage. United tẹ̀ lé wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí o bá fò máìlì kan, wọn a kọ máìlì kan sílẹ̀ fún ọ. Bí máìlì bá pọ̀ tó, wọn a fún ọ ní ìjókòó lọ́fẹ̀ẹ́, nínú àwọn ìjókòó tí ì bá ṣègbé náà ni. Èènì gidi nìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ná ìyá gàrí ní nǹkan kan, ẹni tó gbà á sì mọ̀ pé wọ́n dá òun mọ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ yìí tún wá rí i pé ẹ̀dá ènìyàn fẹ́ràn ipò ju ọ̀fẹ́ lọ. Wọ́n gbé oyè kalẹ̀: idẹ, fàdákà, wúrà, títí dé dáyámọ́ńdì. (Mo máa ń rò ó pé Ọ̀ṣun kò ní fara mọ́ bí wọ́n ṣe to oyè yìí, nítorí idẹ tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá ni òun yàn láàyò.) Olóyè kì í bá èrò tò. Yàrá ìsinmi wà fún un ní pápákọ̀ òfuurufú, oúnjẹ àti ohun mímu sì wà níbẹ̀. Àpótí rẹ̀ lè wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ. Fún àwọn ọmọ tiwa, èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ìyá àgbà tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ kò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Èlùbọ́ wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, ata gígún, irú, ọṣẹ dúdú, aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ fi sọmọ lórúkọ. Àpótí kan sí i kì í ṣe afẹ́ lójú irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ máìlì. Láti inú èdè Látìn ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí ẹgbẹ̀rún ìṣísẹ̀ kan: ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ ogun Róòmù, tí wọ́n ń ka ọ̀tún àti òsì papọ̀ sí ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn máìlì. Nígbà tí ọdún 1981 dé, ẹsẹ̀ ti di apá bàálù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì sọnù: ó ṣì ń wọn bí ènìyàn ṣe rìn jìnnà tó. Lónìí, bí ẹ bá gbọ́ tí ilé iṣẹ́ kan sọ pé ẹ ti ní 5,000 máìlì, ẹ má rò pé ìrìn ni wọ́n ń kà. Owó tí ẹ san ni. Ọ̀rọ̀ dúró síbi tó wà, nǹkan tó ń tọ́ka sí ló ṣípò. Èyí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ìjọba pààrọ̀ pọ́ùn sí náírà ní 1 January 1973, náírà méjì ni wọ́n fi dípò pọ́ùn kan, kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi dípò ṣílè kan. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè: fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá wí pé "pọ́ùn márùn-ún" lọ́jà, náírà mẹ́wàá ni wọ́n ń béèrè. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà mọ ìṣirò náà bákan náà. Ti máìlì, ẹni tó ń tà nìkan ló mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀.

Kí ló wá fa ìyípadà? Ẹ fojú inú wo èrò méjì nínú bàálù kan tó ń lọ láti Ìkẹjà sí Heathrow, ìrìn tó lé díẹ̀ ní 3,100 máìlì. Ẹnì kan ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó rà á ní pọ́ọ́kú. Ẹnì kejì rà á lánàá, ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló sì san owó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní ètò àtijọ́, máìlì kan náà ni wọ́n jọ gbà. Àwọn ọlọgbọ́n kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lọ sí ibi tó jìnnà jù lọ, tí wọ́n á fò lọ, tí wọ́n á sì padà lọ́jọ́ kejì láìjáde ní pápákọ̀, nítorí máìlì nìkan. Ilé iṣẹ́ ń wo gbogbo èyí. Nígbà tí bàálù ń ṣófo, wọn kò rojọ́. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà para pọ̀ di díẹ̀, wọ́n bi ara wọn léèrè pé: ta ni à ń fún ní èènì gan-an?

Delta ló ṣáájú. Ní January 2013 wọ́n kéde pé láti 2014 lọ, ìrìn nìkan kò ní tó láti fi joyè. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ná iye owó kan pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fàdákà yóò fò 25,000 máìlì, yóò sì ná 2,500 dọ́là. Ẹni tó bá fẹ́ dáyámọ́ńdì yóò fò 125,000, yóò sì ná 12,500. Àwọn tí àdírẹ́sì wọn kò sí ní Amẹ́ríkà kò sí nínú òfin yẹn nígbà náà, nítorí náà àwọn ará ilé tó ń lo Delta láti Èkó sí Atlanta kò mọ̀ ọ́n lára. United ṣe bíi tiwọn. Ní 2015 Delta àti United yí máìlì tó ń ra ìjókòó ọ̀fẹ́ náà padà: máìlì márùn-ún fún dọ́là kan bí o bá jẹ́ mẹ̀kúnnù, mọ́kànlá bí o bá wà lókè pátápátá. American, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, wọlé ní August 2016.

Ní September 2023, Delta yọ máìlì kúrò nínú ọ̀rọ̀ oyè pátápátá. Owó nìkan ló kù, ó sì wúwo: dáyámọ́ńdì di 35,000 dọ́là. Ariwo ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ed Bastian tí í ṣe ọ̀gá àgbà wọn jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn ti ṣe é àṣejù, nígbà tó sì di October wọ́n bu ú kù sí 28,000, fàdákà sì bọ́ sí 5,000. Àwọn kan pè é ní ìṣẹ́gun. Èmi wò ó báyìí: fàdákà tó jẹ́ 2,500 ní 2014 ti di 5,000. Bí ẹni tó ń tajà bá pe ọjà rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, tó wá ní kí o san ìlọ́po méjì, o lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n má sọ pé ó ta á lówó àná.

Èyí tó kan àwọn tiwa ní London jù ni ti British Airways. Ní ọjọ́ 30 December 2024, nígbà tí kálukú ń múra ọdún tuntun, wọ́n kéde pé láti 1 April 2025 póìntì oyè yóò máa tẹ̀ lé owó: póìntì kan fún pọ́ùn kan. Idẹ di 3,500, fàdákà 7,500, wúrà 20,000. Tẹ́lẹ̀, fàdákà jẹ́ 600 póìntì, wúrà 1,500, irú ìjókòó àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni wọ́n sì fi ń ka póìntì. Ẹni tó bá jókòó ní bísínẹ́ẹ̀sì láti London sí Èkó lọ-bọ̀ gba 280. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ó ti ní 560, ó ku díẹ̀ kó wọ fàdákà, ì báà jẹ́ pé ẹ̀dínwó ló fi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo owó tí ẹ san ni wọ́n ń kà nísinsìnyí. Owó orí ìjọba àti owó pápákọ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó orí Gẹ̀ẹ́sì lórí ìrìn àjò bàálù kò kéré. Ẹni tó rò pé òun ná 3,000 pọ́ùn yóò rí i pé póìntì òun kò dé 3,000. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn kékeré kan: ẹni tó bá wọ bàálù wọn ní ìgbà 25 lọ́dún lè jẹ oyè idẹ, ìgbà 50 lè jẹ oyè fàdákà, láìwo owó. Ó dára fún ẹni tó ń ti London lọ sí Edinburgh lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fún ẹni tó ń wálé, ìgbà 25 ju lọ-bọ̀ méjìlá lọ. Ta ló ń wálé lẹ́ẹ̀méjìlá lọ́dún?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti náírà. Máìlì tó wà láàárín Ìkẹjà àti Heathrow kò tíì dín, kò tíì lé, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ pápákọ̀ méjèèjì. Ó wà níbẹ̀ bí Odò Ọ̀tìn ṣe wà níbẹ̀. Owó wa kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó di June 2023, dọ́là kan kò tíì pé 500 náírà lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá 1,500. Nígbà tó fi máa di 2025 tí òfin British Airways bẹ̀rẹ̀, pọ́ùn kan wà ní nǹkan bí 2,000 náírà. Ẹ ṣírò 7,500 pọ́ùn: mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti 2024 ni 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 17 lọ, láìjẹ láìmu, kó tó ná owó tí wọ́n fi ń jẹ oyè fàdákà fún ọdún kan péré. Mo mọ̀ pé òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú àwọn tó ń lépa fàdákà. Ohun tí mò ń fi hàn ni pé nígbà tí òṣùwọ̀n jẹ́ ìrìn, ará Ìnísà àti ará Manchester dúró lórí ilẹ̀ kan náà: 3,100 máìlì ni 3,100 máìlì. Nígbà tí òṣùwọ̀n di owó ilẹ̀ òkèèrè, gbogbo ìgbà tí náírà bá ṣubú ni àkàbà oyè ń ga sí i fún ẹni tó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nílé.

Ẹ̀yà kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa ni lẹ́rìn-ín. Ẹ rántí 2022 àti 2023, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú há sí Nàìjíríà nítorí kò sí dọ́là láti fi kó o jáde. Àjọ IATA sọ ní 2023 pé ó ti lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là. Emirates tilẹ̀ dáwọ́ dúró, wọn kò padà sí Èkó àfi ní October 2024. Àwọn tó dúró ti tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú mọ́ àwọn tó ń rà nílé, èyí tó wọ́n gógó nìkan ló kù. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí wọ́n fọwọ́ fà létí bẹ́ẹ̀, tó san ìlọ́po méjì fún ìjókòó tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rà ní ìdajì, ni wọn ì bá kà sí oníbàárà pàtàkì jù. Ìwọ̀sí di àpọ́nlé.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ báǹkì, nítorí ibẹ̀ ni owó gidi wà. Àwọn ilé iṣẹ́ yìí ti ń ta máìlì fún báǹkì láti ọjọ́ pípẹ́. Báǹkì a pín in fún àwọn tó ń fi káàdì wọn rajà. Ní 2023 nìkan, nǹkan bí bílíọ̀nù 6.8 dọ́là ni Delta rí gbà lọ́wọ́ American Express. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, tí bàálù dúró sílẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń fò, ètò máìlì ni United àti Delta fi dógò láti yá owó: bílíọ̀nù 6.8 ni United yá, Delta yá bílíọ̀nù 9. Ẹ rò ó wò. Ọkọ̀ kò lè fò, èènì rẹ̀ ló wá ń gbà á sílẹ̀. Ìyá gàrí wá rí i pé èènì ń mówó wọlé ju gàrí lọ. Ní 2022, American to òṣùwọ̀n oyè wọn lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń fi káàdì wọn ra epo àti oúnjẹ lè goyè láìwọ bàálù rárá. Ó dà bí ẹni tó di Alágbàáà láìwọ ìgbàlẹ̀ rí. Ọ̀nà yìí pàápàá, ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà ló ṣí sílẹ̀ fún. Nọ́ọ̀sì ọmọ Òkukù tó wà ní Houston lè tọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣòwò ní Ìkìrun kò lè tọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ló burú níbẹ̀, àbí ẹni tó mú owó wá kọ́ ló yẹ ká pọ́n lé? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ní ojú méjì. Nígbà tí relúwéè ń gba ìlú wa kọjá, tí a ń wọ̀ ọ́ láti Ìkìrun, kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé ìgbà mélòó lo ti wọ̀ ọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ló sọ bóyá kíláàsì kìn-ín-ní lo máa jókòó sí tàbí ti kẹta tí ìgbá ata ti kún. Kò sẹ́ni tó bínú, nítorí relúwéè kò pè é ní nǹkan mìíràn. Ohun tó ń bí àwọn ènìyàn nínú lónìí ni pé orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yìí ni ìdúróṣinṣin. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà: dúró, ṣinṣin. Ó ń sọ̀rọ̀ àkókò. Kò sí owó nínú rẹ̀.

Ní Òkukù, ọ̀rọ̀ ta ni ènìyàn pàtàkì ti jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ayé. Karin Barber gbé ibẹ̀ láti 1974 sí 1977, ó sì kọ̀wé tó jáde ní 1991 lórí oríkì ìlú náà. Ó fi hàn pé ohun tí wọ́n fi ń mọ ọkùnrin ńlá níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn tó yí i ká: àwọn tó ń wá kí i, tó ń bá a ṣiṣẹ́, tó ń pe oríkì rẹ̀. Owó wúlò bó bá fa ènìyàn wọlé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀: igba ojú mọ̀ ọ́n. Igba owó kọ́. Bọ̀rọ̀kìnní yàtọ̀, olówó yàtọ̀, ọlọ́rọ̀ yàtọ̀. Èdè wa kò pò wọ́n pọ̀. Ètò 1981 ń wá gbajúmọ̀: ẹni tí ojú wa ti mọ̀ nítorí ó ń wá. Ètò òde òní ń wá olówó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pè é ní gbajúmọ̀.

Ọ̀mọ̀wé kan náà kọ àpilẹ̀kọ mìíràn tó jáde ní 1981, ọdún kan náà tí AAdvantage bẹ̀rẹ̀ (ó bọ́ síra wọn lásán ni, ẹ má fi ṣe àmì), lórí bí ọlọ́rìṣà ṣe ń gbé òrìṣà ró. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ ni pé àbójútó àwọn olùsìn ló ń fún òrìṣà lágbára, gẹ́gẹ́ bí ọmọlẹ́yìn ṣe ń sọ ènìyàn di ńlá, àti pé bí òrìṣà kò bá gbè, olùsìn lè yíjú sí òmíràn. A kò nílò ìwé láti mọ èyí, àwọn baba wa ti sọ ọ́: òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi. Ibi tí mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́mà sọ́kàn sí nìyí. Àjọṣe tó ń lọ tó ń bọ̀ ni tiwa. Bí ìyá gàrí bá gbàgbé mi, èmi náà yóò gbàgbé ìsọ̀ rẹ̀, kò sì ní pè mí ní aláìṣòótọ́. Àwọn ará Ìnísà tí wọ́n ṣòwò ní àríwá Gánà títí òfin Busia fi lé wọn kúrò ní ìparí 1969 mọ̀ pé oníbàárà ló ń gbà ni sílẹ̀ lọ́jọ́ ìṣòro. Ọ̀pọ̀ gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìwé kankan àyàfi ojú àánú. Kọ̀ǹpútà kò ní ojú àánú. Ó ní ìwé tó péye, ó sì ń nù ún nù lọ́dọọdún.

Nísinsìnyí, ohun tí mo máa gba ẹni tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún níyànjú. Ẹ má ná kọ́bọ̀ kan kún owó tíkẹ́ẹ̀tì nítorí oyè. Ẹ wo iye owó, ẹ wo iye àpótí tí tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ gbà, ẹ wo aago tí yóò balẹ̀ sí Ìkẹjà, nítorí ọ̀nà ṣì kù láti ibẹ̀ dé Òkukù, ó sì lè gùn ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tí bàálù lò láti London, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó máa fún yín ní póìntì fún un. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti yí padà pátápátá. Air France àti KLM, láti 2018, ń fi owó ka máìlì tó ń ra ìjókòó, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti irú ìjókòó ni wọ́n ń fi ka póìntì oyè tí wọ́n pè ní XP. Ẹni tó ń wálé gba Paris tàbí Amsterdam ṣì lè fi ẹsẹ̀ goyè.

Máìlì tí ẹ ti kó jọ tẹ́lẹ̀ kò bá oyè lọ. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń pò wọ́n pọ̀. Ti Delta kì í kú. Avios tó wà lọ́wọ́ British Airways yóò kú bí oṣù 36 bá kọjá láìsí pé ẹ gba ọ̀kan wọlé tàbí ẹ ná ọ̀kan jáde. Kí ẹ ná díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ti tó láti jí i padà. Wọ́n sì gbà kí àwọn tó jọ ń gbé ilé kan da ti gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, tí bàbá, ìyá àti ọmọ yóò jọ fi ra ìjókòó kan fún ìyá àgbà. Ẹ tètè lò ó. Iye máìlì tó ń ra ìjókòó kan kì í dúró sójú kan, n kò sì tíì rí i kí ó sọ̀ kalẹ̀.